Ẹranko tí Kò Rí Wa

Láti ọdún 2012 ni ẹ̀rọ ayàwòrán ti ń ṣọ́ ibi tí odò Brooks ti ń já wálẹ̀ láti orí àpáta, nínú igbó Katmai tí ìjọba Amẹ́ríkà dáàbò bò ní Alaska. Ibẹ̀ ni àwọn béárì ti ń mú ẹja sámọ́nì tó ń fò gòkè omi. Ẹni tó ní íntánẹ́ẹ̀tì, ìbáà wà ní Kétu tàbí Àjàṣẹ́, lè wò ó bí ó ti ń ṣẹlẹ̀. Ṣé a lè sọ pé olúwarẹ̀ ti rí béárì?

A kò ní bú ẹ̀rọ náà. Ọ̀nà mọ́tò kò dé Brooks. Ọkọ̀ òfuurufú tó ń bà sórí omi tàbí ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé àlejò débẹ̀. Ogójì ènìyàn péré ni pèpéle tó kọjú sí omi náà ń gbà, bí èrò bá sì pọ̀, wákàtí kan ni ti ẹnìkọ̀ọ̀kan. Kí ni ènìyàn lè mọ̀ nípa ẹranko ní wákàtí kan? Ẹni tó ń wo ẹ̀rọ láti oṣù keje dé oṣù kẹwàá a máa mọ béárì tó ń mú sùúrù de ẹja lórí àpáta, a sì mọ èyí tó ń gba ti ẹlòmíràn jẹ. Ìfarabalẹ̀ rẹ̀ jọ ti ọdẹ tó gun igi de ẹran mọ́jú.

Ìdíje ni kò bá wa lára mu. Láti 2014 ni wọ́n ti ń ní kí àwọn òǹwòran dìbò yan béárì tó sanra jù. Eré ni, kò sì burú bí eré, nítorí ọ̀rá ni béárì fi ń la ìgbà òtútù já. Ṣùgbọ́n ní oṣù keje ọdún 2024, omi gbé ọmọ abo béárì tí wọ́n ń pè ní Grazer já sísàlẹ̀; akọ ńlá kan, Chunk, kọlù ú, ọmọ náà sì kú. Nígbà tí oṣù kẹwàá dé, àwọn méjèèjì yìí ló kù nínú ìdíje, ìbò sì gbé Grazer borí. Kíá ni wọ́n sọ ọ́ di ìtàn ẹ̀san. Ẹ̀san wo? Grazer kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni dìbò.

Ìjálá kò ṣe báyìí. Ọdẹ tó ń ki ẹfọ̀n mọ̀ pé ẹfọ̀n lè pa òun. Ó lè yìn ín, ó lè fi í ṣẹ̀fẹ̀, ó sì lè pa á jẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe adájọ́ rẹ̀. Ẹfọ̀n náà ti gbóòórùn rẹ̀. Bí béárì bá yíjú sí ẹ̀rọ, kì í ṣe àwa ló ń wò. Òórùn ẹni tó wà lórí pèpéle, ní tirẹ̀, ti dé imú béárì.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá nílé. Erin àti kìnnìún ṣì wà ní Pendjari, ní àríwá Bẹ̀nẹ̀, tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2017, ṣùgbọ́n ìkọlù àwọn agbébọn ti sọ ọ̀nà ibẹ̀ di ẹ̀rù. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé ẹ̀rọ sí etí omi níbẹ̀, a ó fara mọ́ ọn, bí kò bá ti ní fi erin han àwọn tó ń pa á nítorí eyín rẹ̀, tí kò sì ní sí ìbò. Kí wọ́n wá ọdẹ tó gbọ́ ìjálá sídìí rẹ̀, kí ó máa ki ohunkóhun tó bá yọ.