Béárìn Abẹ́ Dúrọ́ọ̀

Bí mo bá ṣe dúrọ́ọ̀ sẹ́yìn Hilux tán, ìka kan ni mo fi ń fà á. Kó kún fún irinṣẹ́ ni o, ìka kan péré. Bó bá tẹ̀ lé ìka mi jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, tí mi ò gbọ́ ju béárìn tó ń kùn lábẹ́ rẹ̀ lọ, inú mi á dùn dọ́jọ́ alẹ́.

Iṣẹ́ káfíńtà ni mo kọ́ ní Mushin: bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù, dúrọ́ọ̀ kíṣìnì. Àwọn tó ń fi sólà sílé ló mú mi dé ìdí ọkọ̀. Ẹni tó bá kó wáyà àti dírìlì sílẹ̀ gbayawu lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni wọ́n ti máa bá a kó o lọ.

Rọ́nà kíṣìnì, irin ẹ̀gbẹ́ tí dúrọ́ọ̀ ń bá sáré jáde, ni mo fi ṣe ti àkọ́kọ́. Kílò 45 ni wọ́n kọ sí i lára, irinṣẹ́ oníbàárà mi ò sì tó 40, mo ní ó tó. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ọkọ̀ náà padà wá: dúrọ́ọ̀ ò ṣí mọ́. Mo tú u. Gíríìsì tó yẹ kó máa mú àwọn ọmọ irin róbótó inú rọ́nà yọ̀ ti mu eruku ọ̀nà yó, ó ti di ẹrẹ̀ pupa, ó le koko bí amọ̀ tí oòrùn sá. Díẹ̀ nínú ọmọ irin náà ti já bọ́. Àwọn tó kù ti há sójú kan, wọ́n ti ha ojú irin yánnayànna. Mo jókòó tì í pẹ́, ó dùn mí, torí ọkùnrin yẹn fọkàn tán mi.

Àtìgbà náà ni mo ti ń kíyè sí nọ́ńbà ara rọ́nà dáadáa. Ti ọ̀tún àtòsì pa pọ̀ ni, kì í ṣe ti ẹyọ kan. Ìdúró ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n sì ṣe é fún. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sábẹ́ àpótí, agbára rẹ̀ á já wálẹ̀ gan-an. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé dúrọ́ọ̀ tó wà ní pípadé ò wúwo. Èyí tí wọ́n fà síta ló wúwo. Ẹ gbé korobá omi mọ́ àyà, kí ẹ tún nawọ́ gbọọrọ gbé e: omi kan náà ni.

Rọ́nà ńlá wà o, tó ń gbé kílò 227, tó ní ìkọ́ tó ń dè é ní pípadé àti ní ṣíṣí. Mílímítà 19 ló ń gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ti kíṣìnì ò sì ju 12.7 lọ, ẹ yọ ìwọ̀n yẹn kúrò nínú fífẹ̀ dúrọ́ọ̀ kí ẹ tó gé pákó. Ọkọ̀ tó bá ní ìdérí lẹ́yìn, mo lè fi í sí i.

Ṣùgbọ́n fún ọkọ̀ tí òjò àti eruku ń bá lẹ́yìn ní gbangba, béárìn 6203 tó ní rọ́bà lójú méjèèjì ni mo fẹ́ràn. Ọjà Ladipọ̀ ni mo ti ń rà á. Ihò rẹ̀ jẹ́ mílímítà 17, fífẹ̀ rẹ̀ 40, nínípọn rẹ̀ 12. Rọ́bà yẹn ló ń dí eruku lọ́nà gíríìsì. Inú irin tó tẹ̀ bíi lẹ́tà U ni mo ń jẹ́ kó sáré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó há. Béárìn tó bá kan òkè àti ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ò lè yí, torí ọ̀nà tí ìsàlẹ̀ fẹ́ kó yí sí kọ́ ni òkè fẹ́. Páálí pelebe ni mo ń ti bọ àárín wọn. Bó bá wọlé láìfipá, ó ti dára.

Mi ò tíì gbàgbé ìkọ́. Bí kò bá sí, ọjọ́ tí awakọ̀ bá gun òkè ni dúrọ́ọ̀ máa já lu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Kí ọkọ̀ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń kó àpò sìmẹ́ńtì méjì, kílò 100, sínú dúrọ́ọ̀. Mo fà á síta tán, mo wọn ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Láàárọ̀ mo tún wọ̀n ọ́n. Bó bá fi wálẹ̀ ju mílímítà 3 lọ, mo tú gbogbo ẹ̀.