Àkọtọ́ Yorùbá àti Àwọn Ìbéèrè Kíkọ́ Kernel fún Ẹ̀rọ Kéékèèké: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́

Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ àkọtọ́ Yorùbá bá délẹ̀ ní ìpàdé àwọn onímọ̀, ọdún mẹ́rin ni wọ́n máa ń tọ́ka sí: 1875, tí àwọn òjíṣẹ́ C.M.S. ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí wọn yóò ṣe máa kọ èdè náà sílẹ̀. 1965, tí ìwé Ayọ̀ Bámgbóṣé lórí àkọtọ́ jáde. 1966, tí ìgbìmọ̀ àkọtọ́ gbé ìròyìn rẹ̀ kalẹ̀. Àti 1974, tí àkọtọ́ òde-òní gba òǹtẹ̀ ìjọba. Èrò tí ó wọ́pọ̀ ni pé ìjà ti parí láti 1974, pé ohun tí ó kù kò ju kí òǹkọ̀wé fi àmì sí ibi tí ó yẹ. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ibì kan wà tí wọ́n ti ń pinnu bóyá ẹ, ọ àti ṣ yóò ṣe é kà tàbí kò ní ṣe é kà, tí kò sì sí onímọ̀ èdè kankan ní ìjókòó níbẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ìbéèrè tí ẹnjiníà máa ń dáhùn kí ó tó kọ́ kernel fún ẹ̀rọ kékeré.

Kernel ni ọkàn ètò tí ń darí ẹ̀rọ. Òun ni ó ń pín iṣẹ́ fún ọpọlọ ẹ̀rọ, òun ni ó ń pín ààyè ìrántí, òun náà ni ó sì ń ka ohun tí ó wà lórí fíláàṣì. Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991, wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ń pín íntánẹ́ẹ̀tì ní ilé, nínú àpótí tẹlifíṣọ̀n, nínú àwọn kan lára rédíò ọkọ̀ irú èyí tí wọ́n ń tà ní Ládípọ̀ ní Muṣin, àti lórí pátákó Raspberry Pi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ fi ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá. Ẹ̀rọ kékeré kò lè gba gbogbo kernel náà. Ìdí nìyí tí ìwé ìbéèrè fi wà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìbéèrè ni, èdè kékeré kan tí ń jẹ́ Kconfig ni wọ́n sì fi kọ wọ́n, èyí tí Roman Zippel gbé kalẹ̀ ní 2002. Lẹ́tà y ni bẹ́ẹ̀ ni, n ni rárá. M ni kí ohun náà wà lọ́tọ̀, kí wọ́n máa gbé e wọlé nígbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀. Gbogbo ìdáhùn a wọ inú fáìlì kan tí ń jẹ́ .config.

Ìwé ìbéèrè yìí yẹ ní kíkà gẹ́gẹ́ bí ìwé. Ohùn rẹ̀ jẹ́ ohùn ọ̀gá sí ọmọṣẹ́: gbólóhùn àṣẹ ló pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì kúrú. Gbólóhùn kan wà tí ó ń padà wá bí ègbè lábẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìbéèrè, tí ń sọ fún òǹkàwé pé bí kò bá dá a lójú, kí ó dáhùn pé rárá. Ìmọ̀ràn rere ni fún ẹni tí ààyè ìrántí ẹ̀rọ rẹ̀ kéré. Àmọ́ ègbè náà ń sọ àìmọ̀ di ìpinnu. Ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń bi í ti dáhùn, ìdáhùn rẹ̀ sì ti wọ inú ẹ̀rọ tí ẹlòmíràn yóò lò.

Ó lè wu ènìyàn láti fi èyí wé ìbò tí babaláwo ń gbé fún oníbèéèrè, tí ọwọ́ kan ń sọ bẹ́ẹ̀ ni, tí èkejì ń sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Àfiwé náà kò lọ jìnnà. Oníbèéèrè mọ ohun tí ó bá wá. Ẹnu ara rẹ̀ ni ó fi sọ ọ́. Nínú Kconfig, ìbéèrè lè wà kí ó má fara hàn rárá, nítorí pé ó rọ̀ mọ́ òmíràn tí wọ́n ti dáhùn sí pé rárá. Bí ẹnjiníà bá sì lo àṣẹ olddefconfig, kò sí ohun tuntun tí wọn yóò bi í: ìdáhùn ìpilẹ̀, èyí tí àwọn tí ó kọ ìwé náà ti fi síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ni yóò dúró.

Èyí tí ó kan Yorùbá jù lọ wà lábẹ́ ètò ìtọ́jú fáìlì tí ń jẹ́ VFAT, tí ó wà lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ fíláàṣì àti káàdì ìrántí. Unicode ni VFAT fi ń kọ orúkọ gígùn tí fáìlì ń jẹ́, nítorí náà kò sí lẹ́tà Yorùbá tí káàdì náà kò gbà. Ojú ọ̀nà ni ìṣòro wà, láàrin káàdì àti ètò tí ń fi orúkọ náà han ènìyàn. Kernel ní láti túmọ̀ orúkọ sí àtẹ lẹ́tà kan, ìbéèrè FAT_DEFAULT_IOCHARSET ni ó sì ń béèrè pé àtẹ wo ni. Ìdáhùn ìpilẹ̀ rẹ̀ ni iso8859-1, tí wọ́n tún ń pè ní Latin-1. Àtẹ yìí ní é, ó, à àti ò. Kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ, kò sì ní àmì ohùn tí ń tẹ̀ lé lẹ́tà. Èyí tí kò bá sí nínú àtẹ, àmì ìbéèrè ni kernel fi ń rọ́pò rẹ̀.

Kí òǹkàwé fi ojú inú wo akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lọ gba oríkì sílẹ̀ ní Muṣin tàbí ní Sùúrùlérè, tí ó sọ àwọn fáìlì rẹ̀ lórúkọ lórí kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí àkọtọ́ 1974 ṣe wí, tí ó wá ki káàdì náà bọ inú ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ìdáhùn ìpilẹ̀ kọ́. Ẹyẹ di ?y?. Ẹyọ náà di ?y?. Ọkọ̀ àti ọkọ́ di ?k??, nítorí pé Unicode kò ní ọ̀ tàbí ọ́ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo: ọ ni, àmì ohùn tẹ̀ lé e, méjèèjì ni ó sì di àmì ìbéèrè. Ohun tí ó ya ohun ìrìnnà sọ́tọ̀ kúrò lára ohun èlò oko ti parẹ́. Ilé pàápàá kò yọ: é rẹ̀ wà nínú Latin-1, ṣùgbọ́n báìtì kan ṣoṣo ni kernel yóò gbé jáde, ètò tí ń retí UTF-8 kò sì ní mọ̀ ọ́n kà. Bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ èyí tí ń kọ fáìlì, ìdàrúdàpọ̀ a gba ọ̀nà kejì: ẹyẹ tí ó kọ sórí káàdì, áº¹yáº¹ ni kọ̀ǹpútà mìíràn yóò kà.

Ní ayé taipúráítà, bírò ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń fi àmì sí bébà lẹ́yìn títẹ̀. Orúkọ fáìlì kò ṣe é fi bírò tún ṣe. Ẹni tí ó bá ti rí àmì ìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì, ohun tí yóò ṣe lẹ́ẹ̀kẹta ni pé yóò kọ eyo àti oko, yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Àléébù kejì jẹ́ ti gírámà Kconfig fúnra rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ tí ń so ìbéèrè pọ̀: depends on ń sọ pé èyí kò lè wà láìsí tọ̀hún, select ń fi tipátipá fa ọ̀kan wọlé nígbà tí wọ́n bá yan èkejì. Orúkọ àtẹ lẹ́tà bọ́ sí ìta ìsopọ̀ yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ lásán tí wọ́n tẹ̀ sínú àpótí ni. Kconfig kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àtẹ tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ wà nínú kernel tí wọ́n ń kọ́. Ẹnjiníà tí ń wá ààyè a wo NLS_ISO8859_1 àti NLS_CODEPAGE_437, a rí i pé ti èdè àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni, a sì dáhùn pé rárá. Kíkọ́ náà a yọrí láìsí ìkìlọ̀ kankan. Ọjọ́ tí wọ́n bá ki fíláàṣì bọ̀ ọ́ ni kernel yóò sọ pé òun kò rí àtẹ náà, kò sì ní ṣí fíláàṣì rárá. Èyí tí ó yani lẹ́nu ni pé ẹni tí ó yan UTF-8 fún VFAT pàápàá kò bọ́: kernel ṣì ń béèrè àtẹ Latin-1 kí ó tó ṣí i, bí kò tilẹ̀ ní fi í túmọ̀ orúkọ kankan. Gbólóhùn tí ìhun rẹ̀ pé tí kò sì ní ìtumọ̀ kì í ṣe àjèjì sí onímọ̀ gírámà. Èyí ni irú rẹ̀.

Kò tọ́ kí lámèyítọ́ sọ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ tẹ́ńbẹ́lú èdè Áfíríkà. Ìtàn ni ó fà á. FAT wá láti ayé DOS, níbi tí àtẹ 437 ti ń jọba. Latin-1 ni ó wà lọ́wọ́ àwọn ará Yúróòpù nígbà tí Linux bẹ̀rẹ̀. UTF-8, tí Ken Thompson àti Rob Pike ṣe ní 1992, kò tíì gbilẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀wọ́ ISO 8859, èdè Welsh rí ààyè tirẹ̀ nínú Latin-8, kò sì sí èyí tí ó ní ẹ, ọ àti ṣ. Wọn kò sì dúró sójú kan. Ní 2016 wọ́n fi ìbéèrè FAT_DEFAULT_UTF8 kún un, tí ń mú kí kernel máa lo UTF-8 fún VFAT láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún sọ fún un. Ìdáhùn ìpilẹ̀ rẹ̀ ni rárá. Èyí yéni, nítorí pé kò dára kí ẹ̀rọ tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ ṣàdédé yí ìṣe rẹ̀ padà. Àmọ́ nígbà tí exFAT wọ inú Linux ẹ̀dà 5.7 ní 2020, utf8 ni ìdáhùn ìpilẹ̀ tirẹ̀. Kernel kan náà ń sọ ohùn méjì, ohùn àtijọ́ ni ó sì wà lórí fíláàṣì olówó pọ́ọ́kú.

Lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ìṣòro yìí kì í sábà hàn, nítorí pé ètò tí ń ṣí fíláàṣì a máa sọ fún kernel pé UTF-8 ni kí ó lò. Ẹ̀rọ kékeré kì í sábà ní irú alárinà bẹ́ẹ̀. Àṣẹ mount lásán ni, ohun tí wọ́n fi kọ́ kernel ni yóò sì dúró. Ẹni tí ó ra ẹ̀rọ náà kò ní ibi tí yóò ti tún un ṣe. Àwọn tí ó ti ṣiṣẹ́ fún Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà, bíi African Languages Technology Initiative tí Túndé Adégbọlá dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ti ṣe iṣẹ́ pàtàkì lórí bọ́tìnnì ìtẹ̀wé. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì lè tẹ ọ̀ jáde, kí kernel sì pa á sójú ọ̀nà.

Àtúnṣe kò gba owó, ó kàn gba pé kí onímọ̀ èdè àti ẹnjiníà jókòó pọ̀, èyí tí kò yẹ kí ó nira ní Yaba, níbi tí yunifásítì wà ní Akọka tí Yaba College of Technology sì ti wà láti 1947. Kí FAT_DEFAULT_UTF8 jẹ́ y. Kí FAT_DEFAULT_IOCHARSET wà bí ó ṣe wà. Bí wọ́n bá tẹ utf8 sínú rẹ̀, VFAT yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyàtọ̀ sí lẹ́tà ńlá àti kékeré. Kí NLS_ISO8859_1 àti NLS_CODEPAGE_437 jẹ́ y, kì í ṣe m, bí ẹ̀rọ náà kò bá ní ibi tí yóò ti gbé wọn wọlé. Nígbà tí ó bá di ìdánwò, kí wọ́n má fi fáìlì tí ń jẹ́ test dán an wò. Kí wọ́n fi mẹ́rin yìí ṣe é: ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀. Kí ẹ̀rọ kékeré náà kà wọ́n, kí ó tún kọ tirẹ̀ sórí káàdì kan náà, kí wọ́n sì dá káàdì padà sínú kọ̀ǹpútà láti wo ohun tí ó kọ.