Oore Kò Gbọdọ̀ Di Ojú Àlejò

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe yìí bá ọ̀pọ̀ nínú ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń kọ nípa ọdún tí wọ́n lò ní òkè òkun wí. Ẹni tó lọ kàwé ní ìlú onílùú rí yìnyín, ó rí ilé gogoro, ó wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ó sì padà wá ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wa. Ohun tí kì í sábà sọ ni ẹni tó sanwó ọkọ̀ rẹ̀, ìdí tí onítọ̀hún fi san án, àti ohun tí wọ́n fẹ́ kí ó rí. Ìwé kan wà tó bèèrè nǹkan wọ̀nyí láìfepo bọyọ̀. Òun ni America, Their America, tí J. P. Clark kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1964.

Clark, tó di olóògbé ní 2020, jẹ́ ọmọ Ijaw. Ó jáde ní yunifásítì Ìbàdàn ní 1960, ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn ní Èkó kí ó tó lọ sí Princeton ní 1962. Ètò Parvin ló gbé e lọ. Ètò yìí a máa kó àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àti oníwèé-ìròyìn láti àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde lọ sí Yunifásítì Princeton fún ọdún kan, kí wọ́n lè kàwé, kí wọ́n sì fi ojú ara wọn rí Amẹ́ríkà. Kí ọdún náà tó pé, wọ́n ní kí Clark máa lọ sílé, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wí, kò ka ẹ̀kọ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ mú un wá sí. Ìwé yìí ni èsì rẹ̀.

Ó rọrùn láti pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní aláìmoore. Yorùbá ṣáà sọ pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Wọ́n fún un ní ilé, wọ́n fún un ní owó, wọ́n mú un rìn káàkiri. Ó wá jókòó, ó ń ka àbùkù wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo mọ ìdí tí èyí fi ń bí ènìyàn nínú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo àkókò tí ó débẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1962, kí James Meredith, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, tó lè wọ Yunifásítì Mississippi, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n kó wá. Ènìyàn méjì ló kú nínú rúkèrúdò náà. Nígbà tí ó di 1963, àwọn ọlọ́pàá ìlú Birmingham ń dẹ ajá sí àwọn ọmọdé aláwọ̀ dúdú, wọ́n sì ń fi omi ẹ̀rọ panápaná lù wọ́n. Onílé tó lé ọmọ ara rẹ̀ sí ìta tó wá ń tẹ́ ẹní fún àlejò tí àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ọmọ náà, ó yẹ kí àlejò bèèrè ìdí rẹ̀. Ìdí náà kò sì fara sin. Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ń du ọkàn àwọn orílẹ̀-èdè tuntun nígbà náà. Bí Princeton ti ń pè ni Mọ́síkò náà ń pè, níbi tí wọ́n ti dá yunifásítì kan sílẹ̀ ní 1960 fún àwọn ọmọ Áfíríkà, Éṣíà àti Latin Amẹ́ríkà. Clark mọ̀ pé oore náà ní okùn nídìí. Àkọlé ìwé rẹ̀ ti sọ ọ́ tán: Amẹ́ríkà, Amẹ́ríkà tiwọn. Ọ̀rọ̀ kan péré, “tiwọn”, ló fi yọ ara rẹ̀ kúrò lábẹ́ òrùlé onílé.

Bí a bá gbé ìwé yìí sí ẹ̀gbẹ́ Ìrìnàjò Apá Kìíní tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1949, a ó rí ohun mìíràn. Fágúnwà náà jẹ àlejò. Àjọ British Council ló ràn án lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Yorùbá ló fi kọ ìrìn àjò rẹ̀. Ará ilé ló ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gbà á lálejò kò lè ka ohun tí ó kọ nípa wọn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Clark fi kọ tirẹ̀, ojú onílé ló sì ti sọ ọ́. Ìgboyà ni èyí, mo sì yìn ín fún un. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ó gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó dojú kọ onílé láti bá a jà ti kọ ẹ̀yìn sí ará ilé tirẹ̀. Ìbéèrè tí ọ̀dọ́ kan ní Èkó tàbí ní Kiagbodo ìbá bi í, pé kí ni a lè rí mú bọ̀ wálé láti ibẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ rí ìdáhùn nínú ìwé náà.

Àléébù kejì ni ìkánjú. Agbẹ́jọ́ẹnìkan-dájọ́, òṣìkà ènìyàn ni. Ẹnu Clark kò dá ẹnikẹ́ni sí, àti aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú, ṣùgbọ́n kì í sábà jẹ́ kí ẹlẹ́jọ́ sọ tẹnu rẹ̀ tán kí ó tó dá a lẹ́bi. A gbọ́ ohùn òǹkọ̀wé ju ohùn àwọn tí ó bá pàdé lọ. Ojú tó ń bínú a máa ríran dáadáa, ṣùgbọ́n kì í wo ibì kan pẹ́.

Síbẹ̀, mo rò pé ìwé yìí wúlò fún wa ju ọ̀pọ̀ ìwé ìdúpẹ́ lọ, pàápàá nísinsìnyí tí ìrìn náà ti di àlọ àtàbọ̀. Ní ọ̀rúndún yìí, ètò Fulbright ti mú àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá láti ilé wa lọ sí àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà náà sì ti wá sí Ìbàdàn lábẹ́ ètò Flagship láti kọ́ Yorùbá, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ẹbí nínú ìlú. A fún wọn ní orúkọ, a kọ́ wọn bí a ti ń kúnlẹ̀ kí àgbà, inú wa sì ń dùn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá padà sílé, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí a ti ń lo ọmọ ọ̀dọ̀ nílòkulò, tàbí bí ẹni tó lówó ṣe ń fọwọ́ lalẹ̀ lójú òfin, kí ni a ó pè é? Bí a bá pè é ní aláìmoore, kò yẹ kí a ṣà Clark. Bí a bá sì ṣà Clark, a ní láti gbọ́ ti ọmọ náà tán, kí a tó sọ ibi tí ó ti ṣì í wò.

Ìdánwò pàṣípààrọ̀ nìyẹn. Oúnjẹ tí onílé gbé kalẹ̀, ọpẹ́ ló tọ́ sí i, ó sì yẹ kí a dá a láìfọ̀rọ̀gùn. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ohun tí àlejò rí kì í ṣe ara owó oúnjẹ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ kọ nípa ọdún rẹ̀ ní ìlú onílùú, kí ó ka Clark kí ó lè kọ́ ìgboyà, kí ó sì lo sùúrù tí Clark kò ní.