Ta Ló Mú Pàṣán Dání Nínú "Must"?

"Must" ni "gbọ́dọ̀". Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ̀pọ̀ wa nílé ìwé nìyẹn, a ò sì tíì kúrò níbẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n máa ń kọ sísàlẹ̀ fíìmù Yorùbá. Òṣèré lè ní "gbọ́dọ̀", ó lè ní "ní láti", ó sì lè ní "dandan ni". Lọ́pọ̀ ìgbà, "must" náà lẹ máa rí kà. Gírámà ibẹ̀ ò lẹ́bi o. Àléébù rẹ̀ ni pé a ò mọ ẹni tó mú pàṣán dání mọ́.

Tí mo bá ní "You must leave", èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ kó o lọ. Tí mo bá ní "You have to leave", ọ̀rọ̀ ọ̀hún kọjá agbára mi: òfin ni, tàbí ilẹ̀ ti ń ṣú, tàbí bọ́ọ̀sì fẹ́ gbéra. "You should leave" kàn ń gbà ẹ́ nímọ̀ràn ni: ó yẹ kó o lọ, àmọ́ ọwọ́ ẹ ló kù sí.

Aṣọ wọn náà ò dọ́gba. "Gotta" wà fún àárín ọ̀rẹ́. Ẹ má kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìwáṣẹ́. "Shall" ní tiẹ̀, agbádá òfin ló wọ̀. Òun ló kún inú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999. Àwọn tó kọ ti South Africa lọ́dún 1996 bọ́ agbádá yẹn sílẹ̀, wọ́n lo "must", kí ọ̀rọ̀ lè yé ará ìlú. Agbára òfin ò tìtorí ẹ̀ dín kù.

Ká pa dà sídìí fíìmù. Ẹ jẹ́ ká ní ọmọkùnrin kan dọ̀bálẹ̀ níwájú bàbá àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ó ní: "Bàbá, ẹ ní láti gbọ́ tẹnu mi." Tí wọ́n bá kọ "You must listen to me" sísàlẹ̀, ẹni tí ò gbọ́ Yorùbá á rò pé ọmọ yìí ń halẹ̀ mọ́ àgbà ni. Ṣé ẹ rí i, "ẹ" ti bá a dọ̀bálẹ̀ nínú Yorùbá, àmọ́ "you" kì í dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ọ̀rọ̀ yòókù ló máa ru ọ̀wọ̀ yẹn: "Please, sir, you have to hear me out."

Ibi tọ́rọ̀ ti wá le jù ni tí "not" bá wọ̀ ọ́. "Must" àti "have to" tó jọ ń rìn tẹ́lẹ̀ á tú ká. "You must not eat before taking this medicine": má jẹun rárá kó o tó lò ó. "You don't have to eat before taking this medicine": kò pọn dandan kó o jẹun, tó bá wù ẹ́, jẹun. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ lè fi ìtumọ̀ ṣe aláìsàn léṣe.

Ìgbà míì, "must" ò tiẹ̀ mú pàṣán kankan dání. Òyìnbó tó sọ fún àlejò pé "You must come and see us" ń ṣọ̀yàyà ni. Tó o bá túmọ̀ rẹ̀ sí "Ẹ gbọ́dọ̀ wá kí wa", ó ti di ìwé ìpè ọlọ́pàá. Ohun tí àwa máa ń sọ ni "Ẹ má ṣàì yà kí wa o." Bẹ́ẹ̀ náà ni "He must be asleep". "Ó ní láti jẹ́ pé ó ti sùn" nìyẹn. Ẹni tó bá kọ "Ó gbọ́dọ̀ máa sùn" ti fipá gbé ẹni ẹlẹ́ni sùn.

Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pé ìwé atúmọ̀ èdè nìkan tó ẹni tó ń túmọ̀. Ó máa fún ẹ ní ọ̀rọ̀, àmọ́ kò ní sọ ẹni tó ń bá ta sọ̀rọ̀ fún ẹ. Kó o tó fi "You must reply today" ránṣẹ́ sí ọ̀gá níbi iṣẹ́, bi ara ẹ bóyá ìwọ lò ń pàṣẹ, àbí iṣẹ́ ló ń kán gbogbo yín lójú. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ni, sọ ohun tó ń kán yín lójú gan-an: "The form closes today, ma, could you kindly reply before then?"