Ojú Ta Ni A Fi Yà Á?

Ìbéèrè kan ni mo máa ń bi ìtàn aláwòrán, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní kọ́míìkì, kí n tó yìn ín: ojú ta ni a fi yà á? Ọmọ Mùṣin ni mí. Ní kíláàsì wa, bí ẹnikẹ́ni bá ti fẹ́ ya jàǹdùkú, Mùṣin ni yóò kọ sára ògiri ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ń yà bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàì béèrè.

Yorùbá ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ojúẹlẹ́gba ní Sùúrùlérè ń jẹ́ orúkọ Èṣù Ẹlẹ́gbára, òrìṣà tí ìtàn sọ pé ó dé fìlà aláwọ̀ méjì gba àárín oko ọ̀rẹ́ méjì kọjá. Èkíní rí fìlà pupa, èkejì rí fìlà dúdú, wọ́n sì torí rẹ̀ jà. Kò sí òpùrọ́ nínú wọn. Ibi tí kálukú dúró sí ló yàtọ̀. Ọmọdé tó bá fẹ́ fi ìtàn yìí ṣe kọ́míìkì gbọ́dọ̀ ya àpótí kan láti apá ọ̀tún, kí ó sì ya òmíràn láti apá òsì.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo àwòrán ló ń kọ́ni bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ọdún 1940, Akinọla Laṣekan ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ fún West African Pilot, ìwé ìròyìn tí Nnamdi Azikiwe dá sílẹ̀ ní 1937, tí wọ́n ń tẹ̀ ní Yábàá. Ó fi gègé rẹ̀ bá ìjọba amúnisìn jà, ó sì fi bá àwọn alátakò ẹgbẹ́ Azikiwe jà pẹ̀lú. Iṣẹ́ akọni ni. Ṣùgbọ́n àpótí kan ṣoṣo ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀ máa ń ní, ìhà kan ló sì ń wò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi òun nìkan ṣe àwòkọ́ṣe yóò mọ bí a ṣe ń fi alátakò ṣẹ̀sín, kò ní mọ ohun tí alátakò ń rò.

Ọ̀nà tí Leif Packalén ará Finland àti Sharad Sharma ará Íńdíà kọ sínú ìwé wọn ní 2007 tẹ́ mi lọ́rùn jù. Wọ́n ní kí ẹni tí kì í ṣe ayàwòrán fi àpótí mẹ́rin péré sọ ìtàn àdúgbò rẹ̀, kí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí èrò ń gbà kọjá. Ẹni tí o yà lè kà á, nítorí náà wàá fara balẹ̀ kí o tó yà á.

Mo fi òṣùwọ̀n yìí wo iṣẹ́ méjì tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lórí kọ̀ńdọ́ dáńfó. Àkọ́kọ́ pa wá lẹ́rìn-ín: kọ̀ńdọ́ gbé ṣéńjì sá, ọkùnrin kan gbá a létí, ó parí. Kọ̀ńdọ́ náà kò sọ ju “Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!” lọ. Èkejì bẹ̀rẹ̀ bákan náà, ṣùgbọ́n ní àpótí kẹta, ayàwòrán fi ojú kọ̀ńdọ́ wò. Ọwọ́ mẹ́rin na ẹgbẹ̀rún náírà sí i lẹ́ẹ̀kan náà, dírẹ́bà ń béèrè owó, àgbèrò ti di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. Ní àpótí kẹrin, kọ̀ńdọ́ so èrò méjì pọ̀ mọ́ owó kan, inú ń bí àwọn méjèèjì. Ẹni tó yà á ní òun ní láti lọ dúró ní Ojúẹlẹ́gba kí òun tó mọ ohun tí òun máa yà. Ìlà rẹ̀ wọ́, síbẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ló dára jù.

Òbí kan lè sọ pé èyí ń kọ́ ọmọ láti gbèjà aláìdáa. Rárá o. Ìbínú èrò wà nínú àpótí kẹrin, ayàwòrán kò fi pamọ́. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má ṣe fún ìlà tó gún nìkan ní máàkì. Ẹ bi wá bóyá ẹni tí a yà lè ka iṣẹ́ wa, kí ó sì rí ara rẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ Sùúrùlérè tó bá sì fẹ́ ya Mùṣin, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ bi wá ní ohun tí à ń rí láti ojú fèrèsé wa.