Ìyìn Ṣáájú Ẹ̀bẹ̀

Ní ilẹ̀ Òkun, láti Òkè-Bùkún títí dé Ẹ̀gbẹ̀ tí míṣọ́nnárì Tommy Titcombe ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwàásù ní 1908, Orin Dáfídì kì í wọ́n lẹ́nu onígbàgbọ́.

Orí 138 ni mo fẹ́ràn jù. Ẹsẹ mẹ́jọ péré! Ẹ wo bí a ṣe tò ó: ìyìn àtọkànwá ló ṣíwájú, ọpẹ́ adúrà tó ti gbà tẹ̀ lé e, àní gbogbo ọba ayé la pè wá kọrin. Ìyọnu kò yọjú títí di ẹsẹ keje. Ẹ̀bẹ̀ gan-an? Ìparí pátápátá ló wà, ó sì kúrú: kí Ọlọ́run má pa ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ dá tì. Ìdánilójú ńlá nìyẹn. Adúrà tiwa a máa sáré bá ẹ̀bẹ̀ jù.