Bàrà Olómi àti Ẹ̀gúsí: Àríwísí lórí Òdiwọ̀n àwọn Onímọ̀

Ní ọdún 2015, Chomicki àti Renner fi ìwádìí jíìnì hàn pé ewéko tí Thunberg já nítòsí Cape Town ní 1773, tí orúkọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ bàrà olómi ti ara rẹ̀ wá, kì í ṣe bàrà olómi rárá. Ẹ̀gúsí bàrà ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ìbátan rẹ̀ tí ó sún mọ́ ọn jù. Ipò yìí kò pẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gúsí. Ní 2021, Renner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bàrà Kordofan ti ilẹ̀ Sudan, tí inú rẹ̀ funfun tí kò sì korò, ni ó sún mọ́ ọn ju ẹ̀gúsí lọ. Ẹ̀rí wọn múlẹ̀. A kò bá wọn jiyàn lórí ìyẹn.

Òdiwọ̀n wọn ni ó kọ wá lóminú. Bí a bá ń sọ bí a ṣe sọ bàrà di ohun ọ̀gbìn, ara èso ni a sábà máa ń bèèrè: ìgbà wo ni ìkorò lọ, ìgbà wo ni inú rẹ̀ pọ́n, báwo ni ṣúgà ṣe pọ̀ sí i? Nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ẹ̀gúsí á wá dà bí ọmọ tí kò dàgbà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tí ó bá ti bá àgbẹ̀ kórè ẹ̀gúsí rí mọ̀ pé ńṣe ni wọ́n ń fọ́ bàrà náà, tí wọ́n á fi í sílẹ̀ kí ó jẹrà, kí wọ́n tó ṣa kóró rẹ̀ fọ̀. Ta ni ó ń bèèrè bóyá ara rẹ̀ dùn? Kóró ni iṣẹ́ àgbẹ̀ dá lé. Gusmini àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti fi hàn ní 2004 pé jíìnì kan ṣoṣo, tí ọmọ gbọ́dọ̀ gbà lọ́dọ̀ òbí méjèèjì kí ó tó hàn, ni ó wà nídìí ìrísí kóró ẹ̀gúsí.

Ìwádìí 2022 lórí kóró tí a hú ní Uan Muhuggiag, ní Líbíà, ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Kóró náà tó nǹkan bí 6,000 ọdún, ìhà ẹ̀gúsí ni ó wà, jíìnì rẹ̀ sì fi hàn pé inú èso náà korò. Àwọn ènìyàn ti ń wá kóró kí wọ́n tó rí ara tí ó dùn. Síbẹ̀, nínú àkọlé iṣẹ́ náà, ohun tí ó ṣáájú ìsọdọ̀gbìn bàrà olómi ni a fi í pè. A kò bi í léèrè bóyá òun náà ní ìsọdọ̀gbìn tirẹ̀.

Èdè wa pàápàá kò ṣe é gbára lé pátápátá níbí o. Ìtóò, tí ó máa ń fà mọ́ igi, kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn Citrullus, ṣùgbọ́n ẹ̀gúsí ni a ń pè é nítorí kóró rẹ̀. Orúkọ yìí sọ ohun tí àgbẹ̀ ń wò fún wa. Kò sọ ẹni tí ó bí ta ni. Olùkọ́ tí ó bá kọ méjèèjì sábẹ́ ìran kan ṣoṣo lójú pátákó ti da ọ̀rọ̀ méjì pọ̀.